Ta ló ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ṣéènì nìkan?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá ṣì ń gun alùpùpù Honda CG125 àtijọ́, irú èyí tó ti wà lóde láti 1976, mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń fò lórí eyín, o gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kò tíì wo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lé, tó fi sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ lọ ra ṣéènì wá." Ṣéènì nìkan! Kò ní pẹ́ tí ariwo á fi padà, wọ́n á wá ní ọjà ayé ìsinsìnyí ni kò dáa mọ́.

Kò sí nǹkan tó ṣe ọjà. Ṣéènì kì í ṣàdédé gùn. Píìnì àti búùṣì (irin oníhò tí píìnì wọ̀) inú ojú kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ara wọn, àlàfo tín-ín-tín yẹn ló ń kóra jọ. Ṣéènì tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 428 ni CG ń lò, ojú kan jẹ́ mílímità 12.7. Ẹ fà á kó le, kí ẹ wọn ogún ojú: tuntun á fún yín ní mílímità 254. Tó bá ti dé 259, ó ti parí. Nígbà yẹn, eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà á ti jẹ tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ á ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ wá gbé ṣéènì tuntun lé irú eyín bẹ́ẹ̀, kò lè jókòó dáadáa, eyín díẹ̀ ló máa gbé gbogbo ẹrù, wọ́n á sì jọ ba ara wọn jẹ́ kíákíá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń pààrọ̀: ṣéènì, kékeré iwájú, ńlá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ta ọ̀kan fún yín lọ́nà pé òun ń bá yín ṣọ́ owó, ó fẹ́ rí yín padà láìpẹ́ ni.

Àwọn tó ń ta páàtì náà ò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Wọ́n á na sípírọ́kẹ́ẹ̀tì sí èèyàn: "Ó máa wọlé." Wọlé síbo? Wọn ò ka eyín, wọn ò wo ihò bóòtù, wọn ò wo bóyá ihò àárín bá ṣáàfù mu. Eyín kan ṣoṣo níwájú tó eyín mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹni tó ń lo eyín 14 níwájú sí 42 lẹ́yìn, tí wọ́n bá kó 15 fún un síwájú, á máa dùn mọ́ ọn lórí títì tó tẹ́jú, àmọ́ kó gbé èrò kan, kó dé òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, kó wá wo bí ẹ́ńjìnnì á ṣe máa bẹ̀bẹ̀. Irin ọ̀hún ńkọ́? Ẹ mú fáìlì kékeré, ẹ fi fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kan. Tí fáìlì bá ń yọ̀, tí kò rí i mú, wọ́n ti fi iná mú irin yẹn le. Tí ó bá ń jẹ ẹ́, tí erùnrùn ń jábọ́, irin lásán ni wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ló wá ń bí èèyàn nínú jù. Kí wọ́n tó tú ṣéènì àtijọ́ kúrò, ó yẹ kí ẹnì kan tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi tú bóòtù méjèèjì tó di sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú mú. Ṣéènì yẹn ló máa dì í mú fún wọn. Rárá o! Ṣéènì ni wọ́n á kọ́kọ́ já sílẹ̀. Wọ́n á wá ki súkúrúdíráfà bọ àárín eyín, òòlù á tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ kejì sílì, róbà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ti ń jo ọ́ìlì.

Lọ́ọ̀kì ṣéènì, ojú tó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ńkọ́? Kílíìpù rẹ̀ ní ẹnu tó là, ó ní ìdí tó dí. Ìdí tó dí ló ń ṣíwájú síbi tí ṣéènì ń rìn lọ: lókè, ó kọjú síwájú, nísàlẹ̀, ó kọjú sẹ́yìn. Ẹ fi sódì, kí òkúta kan ta bá ẹnu tó là yẹn, kílíìpù fò lọ nìyẹn. Ṣéènì á já lórí eré, á kó jọ sídìí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ó sì lè fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan tiẹ̀ ń yọ kílíìpù àtijọ́ fi sórí ṣéènì tuntun. Owó tí wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀ kò ra gúgúrú.

Lójú wọn, ṣéènì tí kò mì rárá ni wọ́n ṣe dáadáa. Irọ́ ni. Èèyàn jókòó, ẹ̀yìn alùpùpù lọ sílẹ̀, ṣéènì tún le sí i, bẹ́ríǹ gíàbọ́kìsì ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ yí táyà títí ẹ ó fi rí ibi tó le jù, kí àárín ìsàlẹ̀ lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi mílímità 20. Ẹ fi irin tó gún wo bóyá sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lórí ìlà kan, torí alùpùpù tó ti ṣubú káàkiri, àmì ara rẹ̀ ò ṣeé gbára lé mọ́. Tí ẹ bá di nọ́ọ̀tì táyà tán, ẹ tún ṣéènì wò, dídì yẹn máa ń fà á. Ọ́ìlì gíà 90 ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà jáde nínú ẹ́ńjìnnì.

Àti bókìsì ṣéènì! Honda fúnra rẹ̀ bo ṣéènì CG látòkè délẹ̀ kí yanrìn má baà wọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì á tú u, á jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kì í jẹ́ kí òun rí ṣéènì. Ihò tí wọ́n fi róbà dí wà lára rẹ̀ nítorí ìyẹn! Ẹ yọ róbà, ẹ wò ó, ẹ dá a padà. Kí wọ́n dá bókìsì oníbókìsì padà fún un.