Ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í náwó sí ọ́fíìsì kọ́ ló dára jù

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dáwó fún ẹgbẹ́ aláàánú, pàápàá àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ nìyí: "Nínú dọ́là kan, sẹ́ǹtì mélòó ló ń dé ọ̀dọ̀ aláìní?" Èyí tó bá ní 95, òun ni olóòótọ́. Èyí tó bá ní 70, olè ni. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, àwọn tí a sọ pé a fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ló sì ń pa lára.

Ọdún 2001 ni Charity Navigator bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ aláàánú ní ìràwọ̀, mẹ́rin ló sì ga jù. Ìwé ìṣirò owó tí ẹgbẹ́ ń kó fún iléeṣẹ́ owó orí, ìyẹn Form 990, ni wọ́n gbójú lé nígbà náà: iye tó wọlé, iye tó jáde, ibi tó gbà. Ìyẹn kò lè sọ bóyá ara ẹnikẹ́ni yá. Nígbà tó di 2013, olórí Charity Navigator fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ti GuideStar àti ti BBB Wise Giving Alliance, àjọ méjì míì tó ń yẹ ẹgbẹ́ aláàánú wò, jọ kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn olùtọrẹ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yé fi owó ọ́fíìsì, ìyẹn owó oṣù àti owó ìṣàkóso, nìkan díwọ̀n ẹgbẹ́. Àwọn tó ń pín ìràwọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Síbẹ̀, èrò náà kò kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn.

Ó sì rọrùn láti fi ìṣirò yẹn tan èèyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti jìbìtì, àti gbogbo ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà pe ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń tọrọ owó nítorí àrùn jẹjẹrẹ lẹ́jọ́. Cancer Fund of America wà nínú wọn. Owó tí wọ́n ní wọ́n fi èrú gbà lé ní mílíọ̀nù 187 dọ́là. Ọgbọ́n tí FTC ní wọ́n ń dá ni pé wọ́n ń kọ ẹrù tí àwọn ẹlòmíì fi tọrẹ sínú ìwé wọn ní iye gọbọi, pé àwọn fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Iye orí ìwé yẹn á wá di "owó tí a fi ṣàánú", owó oṣù ọ̀gá àti ti àwọn tó ń pe èèyàn lórí fóònù á sì dà bí ohun tó kéré. Wọ́n ti tú ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.

Ẹ wá wo òdìkejì. Láti 2007 ni GiveWell ti ń wá ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là ní ti gidi. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yàn, New Incentives, Àríwá Nàìjíríà níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á fún un lówó díẹ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ní láti jókòó sí ilé ìwòsàn náà, kó yẹ káàdì ọmọ wò, kó ya fọ́tò, kó kọ ọ́ sórí fóònù, kí ẹlòmíì sì tún yẹ iṣẹ́ tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní ìfiṣòfò ni owó oṣù àwọn wọ̀nyí, kó sọ fún mi bí a ó ṣe mọ̀ pé ọmọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ṣe ìwádìí ní Katsina, Zamfara àti Jigawa, ọmọ tó gba àjẹsára sì pọ̀ níbi tí wọ́n dé ju ibi tí wọn ò dé lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Against Malaria Foundation tó ń ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ìpínfúnni, àwọn kan á padà lọ sí ilé díẹ̀ tí wọ́n ṣà, láti wò ó bóyá nẹ́ẹ̀tì ṣì so lókè ibùsùn àti bóyá ó ti ya.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń dáwó kànga ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kí ìgbìmọ̀ tó fi yangàn pé kò sí kọ́bọ̀ tó bá owó oṣù lọ, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe tó bá bàjẹ́, ta ló ń san owó rẹ̀, àti pé ta ló lọ wò ó lọ́dún tó kọjá bóyá omi ṣì ń yọ.