Ìpàdé Àgbẹ̀ Tí Àgbẹ̀ Kì Í Rí Ọ̀rọ̀ Sọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe àgbẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè jọ, àárín òjò ni, nígbà tí kòkó ń jẹrà lórí igi, tó yẹ kí n wà lóko lẹ́yìn Iléṣà níbí, kí n máa já èyí tó ti dúdú kó má baà ran ìyókù.

Mo wọkọ̀ dé Àbújá, kí ni mo bá? Alága, alága ọlá, ìkíni títí oòrùn fi kan àtàrí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Bàbá tó jókòó tì mí ti ń ká kòkó kí wọ́n tó tú bọ́ọ̀dù kòkó, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ká ní 1986. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún un! Wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko. Ọ̀nà oko tó ń pa wá gan-an o.

Ní 2003, ní Maputo, olú-ìlú Mòsáńbíìkì, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìlérí yẹn náà ni wọ́n tún kà sí wa létí.

Ẹ pè wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní èdè tó gbọ́.