Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wọn

Bí ẹ bá dúró ní Lágéré ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ má wo ojú àwọn ọmọkùnrin Ifẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn ni kí ẹ wò. Nǹkan kan ń yọjú láàárín ríìmù bí ìyeyè tó pọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni. Iṣu yín á jóná lórí iná kí àlàyé tó parí.

Bíréèkì carbon ceramic ni: àwo rẹ̀ tó ń yí pẹ̀lú táyà kì í ṣe irin, okùn carbon àti ohun tó le bí tánńganran ni wọ́n fi ṣe é. Porsche, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré ní Jámánì, ló fi sí ọkọ̀ wọn 911 GT2 ní 2001, wọ́n wá fi àwọ̀ ìyeyè kun kálípà rẹ̀, ìyẹn ẹnu tó ń fi páàdì há àwo náà, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé owó ń kọjá. Ó fúyẹ́ tó ìdajì ti onírin, ó sì lè gbóná títí, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ lórí ọkọ̀ tuntun lé ní dọ́là 8,000. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà fúnra yín, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, irin ti di tayé àtijọ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mọkáníìkì. Ní Ifẹ̀ o! Ìlú tí irin Ògún Ládìn wà láàfin, ibẹ̀ lọmọ ti ń yínmú sí irin.

Eré wo ló fẹ́ sá? Láti géètì kámpọ́ọ̀sì dé Lágéré, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń bẹ níwájú, ọ̀kadà lọ́tùn-ún, gọ́tà lósì. Pápá ìsáré ni bíréèkì yìí wà fún, níbi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ léraléra lórí eré àsápajúdé. Àwọn òyìnbó tó sì ń sáré níbẹ̀ gan-an, púpọ̀ wọn ló ń yọ ọ́ pamọ́ sínú páálí bí aṣọ òkè ìgbéyàwó, tí wọ́n ń fi irin sáré. Ooru pápá tí kò dáwọ́ dúró ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, owó tí wọ́n á sì fi pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ra odidi tòkunbọ̀. Irin ní tirẹ̀, ìbátan ìkòkò ìyá àgbà ni. Bó bá jẹ tán, à ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọmọṣẹ́ bá ń yọ táyà, tí ríìmù kọ lu etí àwo carbon ceramic, ó lè ṣán. Bí mọkáníìkì wa ṣe gbọ́ èyí, ó rọra gbé sípánà sílẹ̀.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ tiwa. Ó ti yọ táyà, ó ń fi èékánná ha nǹkan ìyeyè náà. Ọ̀dà ni. Ọ̀dà ilẹ̀kùn! Irin ló wà lábẹ́ rẹ̀, páàdì sì ti jẹ kan egungun.

Mọkáníìkì pe iye páàdì tuntun. Ọmọ wa họrí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí tòkunbọ̀ rẹ̀ ni?"