Kọ́bọ́ọ̀dù láàbù tí wọ́n tì pa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní SS3 l'Abẹ́òkúta fi nóòtù kẹ́mísírì rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ya burette síbẹ̀, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n fi ń wọn omi nínú láàbù, ó fi rúlà fàlà, ó kọ orúkọ sára gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Tíṣà fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo bi í pé ṣé ó ti di burette mú rí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Wọ́n ní tí WAEC bá kù díẹ̀ la máa rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, titration, ìyẹn kí wọ́n fi burette kán omi kan sínú òmíràn títí àwọ̀ á fi yí padà, ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú practical kẹ́mísírì WAEC. Ọmọ tó jẹ́ pé ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹnu burette kí omi máa kán tó, tó, tó, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n ni. Àwa á tún ní kò mọ̀wé.

Mi ò bú tíṣà o. Mo kọ́ kẹ́mísírì lọ́dún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ láàbù fún mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ buwọ́ lùwé pé ohunkóhun tó bá fọ́, owó mi ni wọ́n á ti yọ ọ́. Burette mẹ́ta, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Èmi náà tì í pa bí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi. (Ẹ̀yin tí ẹ wọ JSS lẹ́yìn 1982, ẹ ò ní gbàgbé àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ Introtech (Introductory Technology) tó jókòó sínú àpótí pákó títí wọ́n fi dípẹtà.) Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìnáwó ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣírò gíláàsì tó máa fọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí ojú ń tì mí, mo gbé omi sóbò tí kò ní ṣúgà wọ kíláàsì. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kan, ó pọ́n yòò. A da omi eérú tí a sẹ́ sínú ìkejì, ó di àwọ̀ ewé. Kíláàsì hó yèè! Ọmọkùnrin kan tó máa ń sùn lẹ́yìn pátápátá ló dìde, ó ní kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí a bá da méjèèjì pọ̀. Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé ife fún un.

Sóbò ò lè rọ́pò burette, kí ìjọba má fi ìyẹn sá o. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni pé aláró ni ìyá ìyá rẹ̀. Ó há a sórí pé kí nǹkan gba oxygen sára ni oxidation. Bẹ́ẹ̀ aṣọ tí màmá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, lójú ẹ báyìí ló máa yí di búlúù. Kí ni oxidation bí kò ṣe ìyẹn? Aró ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú sí i, tí wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Àwọn aláró tó ń lo kẹ́míkà kọ́sítíìkì àti haidiróòsì lónìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, ó kàn yá jù ni.

Mo ní kó gbé nóòtù ẹ̀ lọ sídìí ìkòkò màmá. Ó pè mí lálẹ́:

"Bọ̀dá, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ láti skúùlù wa débí. Kí ló dé tí wọn ò mú wa wá rí?"