Orúkọ Yín Ni Olè Ń Wá, Kì Í Ṣe Àpò Yín

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé ẹbí wa, mo ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe máa fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ wọn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti béèrè rẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fi dá mi lóhùn pé: "Àbúrò, fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Kí ni olè fẹ́ rí jí lára èmi tí n kò ní nǹkan kan ní báǹkì? Ẹni tó wà nílẹ̀ kò bẹ̀rù ìṣubú." Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kì í ṣe nítorí pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, bí kò ṣe nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn tó pọ̀ jù, mo sì ti rí ohun tó fà bá àwọn tó gbà á gbọ́. N óò dáhùn rẹ̀ níbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n yé dá ẹni kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Irọ́ ni. Olè tó ń jí ìdánimọ̀ kò wá owó tó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń wá ni orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ̀ yín, àti bí àwọn ènìyàn yín ṣe gbẹ́kẹ̀ lé yín. Owó tó fẹ́ kó, owó ẹlòmíràn ni: owó ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó, owó ọ̀rẹ́ yín, tàbí owó ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tí wọ́n lù ní jìbìtì, tí wọ́n sì gba inú àkáǹtì tí wọ́n fi orúkọ yín ṣí kó owó náà lọ. Orúkọ yín ni aṣọ tí olè wọ̀ lọ síbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ni owó náà bá sì dé, ẹ̀yin tí ẹ ni aṣọ ni wọn yóò gbá mú.

Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe pọ́ọ̀sì ní ìlú Lockport, ní ìpínlẹ̀ New York, fẹ́ fi han àwọn oníbàárà pé káàdì Social Security, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, yóò wọ inú pọ́ọ̀sì wọn dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n tẹ káàdì àpẹẹrẹ sí inú pọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà akọ̀wé rẹ̀, Hilda Schrader Whitcher, gan-an ni ó sì ní kí wọ́n kọ sí i. Ìdajì káàdì gidi ni káàdì àpẹẹrẹ náà tóbi mọ, àwọ̀ pupa ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú rẹ̀ pé àpẹẹrẹ ni. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ilé ìtajà Woolworth tà á káàkiri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mú nọ́ńbà náà lò. Ní ọdún 1943, ènìyàn 5,755 ló ń lò ó. Lápapọ̀, àwọn tó ti pè é ní nọ́ńbà tiwọn lé ní 40,000, àwọn 12 sì ṣì ń lò ó ní ọdún 1977. Ìjọba ní láti wọ́gi lé nọ́ńbà náà kí wọ́n sì fún obìnrin yìí ní òmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ni obìnrin náà, kì í ṣe olówó. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó lo nọ́ńbà rẹ̀ tó kọ́kọ́ wádìí iye tó ní sí báǹkì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rán mi létí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olè, pé wọ́n rò pé káàdì tiwọn ni wọ́n bá nínú pọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí jù. Bí àwọn tí kò ní èrò ibi lọ́kàn bá lè kó irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bá ẹni ẹlẹ́ni, kí ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jí i yóò ṣe?

Àwọn tó ń sọ pé olówó nìkan ni olè ń ṣọ́ kò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ lóde òní. Wọ́n rò pé olè jókòó, ó kọ orúkọ àwọn ọlọ́rọ̀ sílẹ̀, ó sì ń lépa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọ̀n ni àwọn olè ń jù sínú odò, ohun tí àwọ̀n bá sì gbé ni wọ́n ń kó. Ní ọdún 2017, wọ́n wọlé sínú kọ̀ǹpútà Equifax, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó ìsọfúnni nípa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 147 lọ: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, àti nọ́ńbà Social Security. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé jẹ́ àléébù kan tí àtúnṣe rẹ̀ ti jáde láti oṣù kẹta ọdún náà, tí ilé-iṣẹ́ yẹn kò fi í sí i lásìkò. Ẹni tó ní ilé mẹ́wàá àti ẹni tó ń yá ilé gbé jọ wà nínú àwọ̀n kan náà. Ti Yahoo, ilé-iṣẹ́ ímeèlì, tún ju ìyẹn lọ, nítorí gbogbo àkáǹtì tó wà lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 2013, bílíọ̀nù mẹ́ta, ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọdé, tí kò sí ẹni tó tálákà tó wọn bí a bá ń sọ nípa owó tó wà lórúkọ ẹni. Ní ọdún 2011, CyLab, ẹ̀ka tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọdé tó lé ní 42,000. Wọ́n rí i pé àwọn 4,311 nínú wọn, ìyẹn ìpín 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ẹlòmíràn ti ń lo nọ́ńbà Social Security wọn, ó sì fi ìlọ́po 51 ju ti àwọn àgbàlagbà inú ìwádìí kan náà lọ. Ọmọ oṣù márùn-ún ló kéré jù nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé yan àwọn ọmọ wọ̀nyí láàárín gbogbo ọmọ ìlú náà, nítorí náà ìpín náà lè kéré níbòmíràn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì rìn, kí ló ní? Ohun tó ní ni orúkọ tí gbèsè kankan kò sí lórí rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún méjìdínlógún. Olè kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ olówó kankan.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní ju ohun tó ń jẹ lóṣooṣù lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan pè é, ó sì dárúkọ ẹgbẹ́ tí àǹtí mi ń bá ṣe, ó ní àwọn ń ṣètò ìpàdé orí fóònù, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kà á fún òun. Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí ó má ṣe fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àǹtí kò wọ awò ojú rẹ̀, kìkì nọ́ńbà tí wọ́n kọ tóbi ni ó rí. Ó kà á síta. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù rẹ̀ ti lé e jáde kúrò nínú àkáǹtì ìfiránṣẹ́ tirẹ̀.

Olè yẹn kò fọwọ́ kan owó rẹ̀ rárá. Ó jókòó, ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tí àǹtí ti bá àwọn ènìyàn sọ tẹ́lẹ̀, ó kọ́ bí ó ṣe ń kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà: "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ jí? Ara mi kò yá, oògùn ni mo fẹ́ rà, n óò dá a padà lọ́la." Bí àǹtí mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, títí kan "ọmọ mi" tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tó gbà á fi owó ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tí ó ń tọ́jú ọmọ nìkan, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló sì yọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àǹtí fi ń lọ láti ilé dé ilé láti ṣàlàyé pé kì í ṣe òun. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ẹnìkan ṣì wà tí kò kí i mọ́ títí di òní.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo ń wá ilé, mo fi àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ mi ránṣẹ́ sí alágbàtà kan tí n kò rí sójú rí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọjọ́ ìbí mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, nọ́ńbà mi ni, fọ́tò mi ni, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì náà kì í ṣe tèmi, ẹni tó sì fọwọ́ sí i kò tilẹ̀ kọ orúkọ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó yá a lówó ní èmi ni kí n fi hàn pé kì í ṣe èmi. Oṣù méje ni mo fi rìn ín: mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo lọ búra nílé ẹjọ́, mo kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà, kí wọ́n tó yọ orúkọ mi kúrò. Owó tó wà ní báǹkì mi nígbà náà kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tó béèrè.

Àwọn kan yóò ní báǹkì máa ń dá owó padà, tàbí pé ọjọ́ ìbí nìkan ni àwọn fún ẹni tó béèrè. Báǹkì lè dá owó padà, kò lè dá oṣù méje padà. Ní ti ọjọ́ ìbí, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Latanya Sweeney, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2000 pé ọjọ́ ìbí, bóyá ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, mẹ́ta péré yìí, tó láti dá ìpín 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ẹlòmíràn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹni tó bá sọ pé òun kò ní nǹkan tí olè lè jí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nọ́ńbà gbogbo ọ̀rẹ́ yín wà lórí fóònù yín. Mo ti rí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tó gba orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti orúkọ ìdílé ìyá ènìyàn tó lé ní ọgọ́ta sínú ìwé kan ṣoṣo, tó sì jù ú sí ojúde ẹgbẹ́ lórí fóònù kí olúkúlùkù lè yẹ tirẹ̀ wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ọ́, ó ní ṣebí ara wa ni gbogbo wa. Ẹyọ fóònù kan tó bá bọ́ sọ́wọ́ olè nínú ọgọ́ta ti tó láti tú gbogbo wọn síta. Ẹgbẹ́ tí kò nílò nọ́ńbà ìdánimọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ gbà á, èyí tó bá sì nílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sí ọwọ́ ẹnìkan, kí ó sì pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí.

Ní ti ohun tí a lè ṣe, kò nira. Nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín láti fi wọ àkáǹtì, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí pásítọ̀. Ẹ tan ìdáàbòbò ìgbésẹ̀ méjì, ìyẹn ètò tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, sórí àkáǹtì yín, pàápàá ti ímeèlì, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó kù padà máa ń gbà. Ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà níbi méjì. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ̀wé béèrè owó, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí kò sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Bí ẹ bá ní láti fi ẹ̀dà káàdì yín sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ fún wọn sí ojú ẹ̀dà náà. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún alágbàtà yẹn, ìbá ṣòro fún un láti fi yá owó. Níbi tí òfin bá ti gbà á, ẹ ti àkọsílẹ̀ gbèsè yín pa kí ẹnikẹ́ni má lè fi orúkọ yín yá owó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àwọn òbí sì lè ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́. Wákàtí kan tí àǹtí mi fi jókòó tó ń sunkún kí ó tó sọ fún wa, inú wákàtí yẹn ni opó yẹn fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Àwòrán káàdì ìdánimọ̀ tèmi wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n tó dá mi lóhùn níbi ìpàdé yẹn, láti ìgbà tí a jọ fọwọ́ sí ìwé kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti kọ̀wé sí i pé kí ó jọ̀wọ́ pa á rẹ́, kí ó sì gbà mí láyè láti wá tan ìdáàbòbò ìgbésẹ̀ méjì fún un ní ọjọ́ Sátidé. Títí di àárọ̀ yìí, kò tíì dá mi lóhùn.