Ta ló sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ńlá ti kú?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Níbi ìfọkọ̀ ní Jabi, lẹ́nu àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní Apo, nínú mọ́tò láti Kubwa wọ ìgboro, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Yúróòpù ti fòfin de V12, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà méjìlá. Nítorí àyíká, ẹ́ńjìnnì ńlá ti parí. Súpákáà (ọkọ̀ eré olówó gọbọi) tó ń bọ̀ lọ́la ò ní ju lítà méjì lọ, ìyẹn tí kò bá jẹ́ oníná pátápátá.” Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn tiẹ̀ fi gba ẹlòmíì nímọ̀ràn pé kó yára ta ọkọ̀ V8 (oní sìlíńdà mẹ́jọ) rẹ̀ kó tó di irin pàǹtí. Irọ́ ni. Àwọn èèyàn sì ń torí irọ́ yìí pàdánù owó gidi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́.

Òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí yìí, ó dà bíi pé wọn ò kà á. EU, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ló ṣe é lọ́dún 2023. Ohun tó sọ ni pé láti 2035, CO2 (gáàsì tó ń mú ayé gbóná) tí àpapọ̀ ọkọ̀ tuntun ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde gbọ́dọ̀ di òdo. Kò dárúkọ lítà (bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó), kò dárúkọ sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó). Òfin kan náà ló sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké: èyí tí ọkọ̀ tuntun rẹ̀ kò bá tó 1,000 lọ́dún ní Yúróòpù, kò kàn án rárá, èyí tí tiẹ̀ bá wà láàárín 1,000 sí 10,000 lè tọrọ òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀ títí di òpin 2035. Ní oṣù Kejìlá 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU fúnra rẹ̀ dábàá pé kí àdínkù náà dúró sí ìdá 90 nínú 100, kó má ṣe dé òdo mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kéde ní oṣù Kẹrin 2025 pé òfin 2030 tiwọn, èyí tó máa dá títa ọkọ̀ tuntun oníbẹntiróòlù tàbí dísù nìkan dúró, kò ní mú àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi McLaren àti Aston Martin.

Ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n sílẹ̀ kò le. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán á di CO2 tó tó nǹkan bíi kílò 2.3. Ẹ mú súpákáà tó ń mu lítà 20 ní 100 kìlómítà, tó sì jẹ́ pé 3,000 kìlómítà ni olówó rẹ̀ ń wà á lọ́dún, torí ọjọ́ Àìkú àti òde ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé e jáde. Lítà 600 nìyẹn, CO2 rẹ̀ ò ju kílò 1,400 lọ. Ẹ wá mú takisí tó ń ná Nyanya sí Wuse látàárọ̀ dalẹ́, tó ń mu lítà 10 ní 100 kìlómítà, tó sì ń rin 60,000 kìlómítà lọ́dún: lítà 6,000, kílò 13,800. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn, látọ̀dọ̀ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré. Ibi tí ẹrù èéfín wà ni òfin dojú kọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ CO2 kọ́ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi. Inú sìlíńdà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí yẹn wà, òun sì ni àwọn tó ń pariwo kì í dúró gbọ́: akitiyan láti dín èéfín olóró kù gan-an ló ń ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ padà sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó tóbi.

Kí kílò bẹntiróòlù kan tó lè jó tán láìṣẹ́ kù, ó fẹ́ atẹ́gùn bíi kílò 14.7. Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní lambda 1. Ibẹ̀ ni kátálísítì, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ lára sàlẹ́ńsà, ti lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ papọ̀: kó sọ CO (gáàsì tó lè pa èèyàn) di CO2, kó jó epo tó ṣẹ́ kù, kó sì tú NOx (gáàsì olóró tó ní náítírójìn) palẹ̀. Bí epo bá ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kò sí ọ́síjìn tí kátálísítì máa fi bá CO jà. Májèlé náà á gba ìdí ọkọ̀ jáde bó ṣe wà.

Ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì lítà méjì tí wọ́n ní kó mú agbára ẹṣin 400 wá. Tọ́bò (fáànù tí èéfín ń yí) á máa ki atẹ́gùn bọ̀ ọ́, sìlíńdà á máa gbóná, èéfín tó ń jáde á sún mọ́ 1,000 °C. Níbẹ̀, ẹ̀mí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò àti ti kátálísítì ti wà nínú ewu. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, kí kílò epo kan máa bá atẹ́gùn bíi kílò 12 péré lọ. Epo tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń mú ooru rọlẹ̀. Ọkọ̀ á sáré, tọ́bò ò ní jóná, ṣùgbọ́n CO á máa ya jáde bí omi ẹ̀rọ tí kò ní ìdérí. Nígbà tó jẹ́ inú yàrá nìkan ni wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, wọn kì í tẹ ẹsẹ̀ débẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Láti 2017, wọ́n ti ń so ẹ̀rọ tó ń ka èéfín mọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n á sì wà á lójú títì gidi. Euro 7, òṣùwọ̀n èéfín tuntun ti Yúróòpù, sì ń bọ̀ fún irú ọkọ̀ tuntun ní oṣù Kọkànlá 2026. Ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ti ń dí.

Kí wá ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ṣe? Kó fún ẹ́ńjìnnì láyè. Bí lítà bá pọ̀ sí i, agbára kan náà á jáde láìjẹ́ pé sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tí Porsche ṣe sí 911 Carrera GTS lọ́dún 2024 nìyẹn. Lítà 3.0 ló ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ ihò sìlíńdà dé mílímítà 97, wọ́n fa ìrìn písítìn dé mílímítà 81, sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá di lítà 3.6. Tọ́bò méjì àtijọ́ di ẹyọ kan tí iná mànàmáná ń bá yí, bátìrì 1.9 kWh (òṣùwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà) wọlé, lambda 1 sì dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iyára ẹ́ńjìnnì náà. Torí èéfín ni wọ́n fi sọ ẹ́ńjìnnì di ńlá. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tún sọ fún ẹnikẹ́ni pé àyíká ti pa á.

Bugatti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà Veyron ní 2005 títí dé Chiron, W16 (oní sìlíńdà 16) lítà 8.0 tó ní tọ́bò mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Nígbà tí wọ́n gbé Tourbillon jáde ní oṣù Kẹfà 2024, V16 lítà 8.3 ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní tọ́bò kankan. Cosworth, ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wọn ṣe é. Òun nìkan ń mú agbára ẹṣin 1,000 wá, ẹ̀rọ oníná mẹ́ta fi 800 lé e, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 25 kWh. 250 péré ni wọ́n máa ṣe.

Lamborghini Revuelto ti 2023 náà ń bẹ. V12 lítà 6.5, agbára ẹṣin 825 láti ara ẹ́ńjìnnì, 1,015 tí ẹ̀rọ oníná mẹ́ta bá dá sí i. Ẹ́ńjìnnì náà wọn kílò 218, kílò 17 ló fi fúyẹ́ ju ti Aventador tó rọ́pò. Bátìrì rẹ̀ kéré, 3.8 kWh péré, àmọ́ ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kátálísítì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tó bá gbóná tó nǹkan bíi 300 °C, ìdí nìyẹn tí èéfín V12 fi máa ń burú jù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nígbà tí sìlíńdà 12 ṣì tutù tí epo sì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn láìjó. Bí bátìrì bá lè gbé ọkọ̀ jáde ní àdúgbò, tó sì lè máa tì í nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ò ní láti máa jí, kó máa sùn, kó máa tú èéfín tutù. Ẹ̀rọ oníná kan náà ló ń fún ọkọ̀ lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yí púpọ̀, nítorí náà V12 lè sinmi lórí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù: kó máa yí dé 9,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń sọ pé iná ló máa pa V12, iná ló ń gbà á là níbẹ̀ yẹn.

Ferrari ò tiẹ̀ fi iná sí 12Cilindri wọn rárá. Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n fi í hàn: lítà 6.5, agbára ẹṣin 830, kò sí tọ́bò, kò sí bátìrì ńlá. Epo ń wọ inú sìlíńdà pẹ̀lú agbára 350 bar kó lè fọ́ wẹ́wẹ́, ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13.5 sí 1, títáníọ́mù ni ọ̀pá písítìn, kátálísítì àti fílítà tó ń dá èérún èéfín dúró sì wà lára sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí Euro 6e, òṣùwọ̀n èéfín tó ṣáájú Euro 7, wọ́n sì ń tà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe máa rí bí ilé iṣẹ́ bá gba ìtàn “kékeré ló kù” gbọ́, kó wo Mercedes-AMG C63 ti 2022. Wọ́n yọ V8 lítà 4.0 kúrò, wọ́n fi sìlíńdà mẹ́rin lítà 2.0 pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná rọ́pò. Lórí ìwé, agbára ẹṣin 680 ni. Lórí òṣùwọ̀n, ó lé ní kílò 2,100. Àwọn tó ń ra AMG kọ̀ ọ́.

Wọ́n á ní Bentley ti dáwọ́ W12 dúró ní 2024. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n á ní V10 inú Lamborghini Huracán ti lọ. Ó lọ lóòótọ́. V8 lítà 4.0 tó ń yí dé 10,000 ló wọlé nínú Temerario tó rọ́pò rẹ̀, agbára ọkọ̀ náà sì jẹ́ 920. Ṣé èyí náà lẹ ń pè ní ẹ́ńjìnnì kékeré?

Ohun tí mo lè gbà fún wọn kò pọ̀: òfin ariwo ń le sí i ní Yúróòpù, ohùn V12 kò ní dún tó ti àtijọ́. Bí ìyọ̀ǹda ilé iṣẹ́ bíi Ferrari ṣe máa rí lẹ́yìn 2035 náà ò tíì dájú.

Ní Abuja níbí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì ńlá. Àkọ́kọ́ ni gígé kátálísítì. Nítorí platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀, àwọn kan á sọ fún yín pé ó ń dí ọkọ̀ lọ́nà, wọ́n á gé e, wọ́n á fi páìpù lásán dí i. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ọgbọ́n pa á, láti ìgbà yẹn lọ èéfín ọkọ̀ yín á máa ta lójú. Kí ẹnikẹ́ni tó gé e, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó bà á jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́ìlì tàbí plọ́ọ̀gì kan ló ti kú, tí epo tí kò jó sì ń lọ jó nínú kátálísítì títí ara rẹ̀ fi yọ́. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má wà á délé.

Lẹ́yìn náà ni eruku ọyẹ́. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ẹ máa yẹ fílítà atẹ́gùn wò ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ V8 àti V12 ní fílítà méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì papọ̀. Tí ọ̀kan bá mọ́ tí èkejì dí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò ní mí bákan náà, kọ̀ǹpútà á sì máa fi epo tún un ṣe láìdáwọ́dúró.

Bẹntiróòlù náà ń bẹ. Ti ilé epo wa kì í ṣe 98 RON (òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ láìdún gbàgà) tí wọ́n kọ sí ìdérí táńkì súpákáà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ́ pé epo ń dún gbàgà nínú sìlíńdà, kọ̀ǹpútà á fa ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn: agbára á dín kù, èéfín á sì gbóná sí i. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí tọ́bò ti fún mọ́lẹ̀ ló ń jìyà èyí jù, torí ooru rẹ̀ ti fẹ́ kún tẹ́lẹ̀.

Fún àwọn tí ọkọ̀ wọn ní fílítà èérún èéfín: Wuse sí Maitama lójoojúmọ́ ò lè mú un gbóná tó láti jó ohun tó kó jọ. Ẹ gbé e gba ọ̀nà Kubwa tàbí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bó bá ti gbóná dáadáa, ẹ máa gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo láti ìgbà dé ìgbà láìyọ jíà, kí atẹ́gùn lásán lè kọjá wọ inú rẹ̀ kó jó dúdú tó wà níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ti kó láyà jẹ pé kó ta V8 rẹ̀, kó gbé e lọ fún sìkánì ná. Kí wọ́n ka àtúnṣe epo (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún tàbí dín in kù) ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí wọ́n sì wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí iye wọn bá sún mọ́ra, tí kátálísítì méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, kò sí ìdí kankan láti tà á ní ẹ̀dínwó nítorí 2035.