Gíláàsì kọ́ ni kò jẹ́ kí fọ́tò bàbá àgbà ṣá

Tí ẹ bá gbé fọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe férémù, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní London, ó ṣeé ṣe kó sọ fún yín pé gíláàsì ni kò ní jẹ́ kí oòrùn bà á jẹ́. Oníbàárà kì í jiyàn, nítorí ohun tí òun náà gbà gbọ́ nìyẹn. Yóò gbé e délé, yóò gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ ní ọ̀kánkán fèrèsé, níbi tí àlejò á ti kọ́kọ́ rí i. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, gèlè tó pupa fòò lórí ìyá ìyàwó á ti di nǹkan kan tí kì í ṣe pupa, tí kì í sì í ṣe ìyeyè, gbogbo ilé á wá máa bú ẹni tó ya fọ́tò.

Ẹni tó yà á kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹ lọ yẹ kọ́tìnì yín wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ìta ti ṣá ju iwájú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gíláàsì fèrèsé wà láàárín òun àti oòrùn láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e kọ́. Aṣọ ìjókòó mọ́tò tó ń jókòó sínú oòrùn lójoojúmọ́ náà ń ṣá, gíláàsì rẹ̀ sì wà ní títì pa. Bí gíláàsì bá lè gba àwòrán lọ́wọ́ oòrùn, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ gba kọ́tìnì ná?

Ẹ̀rí tí àwọn èèyàn sábà máa ń mú wá ni fọ́tò bàbá àgbà. Ó ti wà lára ògiri kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, abẹ́ gíláàsì ló wà, kò sì ṣá. Fìlà abetí-ajá rẹ̀ ṣì hàn kedere, ilà ojú rẹ̀ ṣeé kà. Èmi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ inú fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni ohun tó pa á mọ́ wà. Fàdákà ló ya àwòrán sórí fọ́tò dúdú-àti-funfun ayé ìgbà náà, ẹ̀rún fàdákà tí ojú lásán ò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí fàdákà gbé ṣe. Ohun tó ń bá a jà ni ọ̀rinrin, èéfín, àti páálí burúkú tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Àwọn yẹn ló ń sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀.

Fọ́tò aláwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ tán, wọ́n ti ṣan fàdákà inú rẹ̀ dànù. Aró mẹ́ta ló kù síbẹ̀, ìyeyè, magenta (pupa tó fẹ́ jọ elésèé àlùkò) àti cyan (búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé). Aró sì ni ìmọ́lẹ̀ ń jẹ. Ẹ fi fọ́tò bàbá àgbà àti fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 1985 sábẹ́ irú gíláàsì kan náà, ẹ gbé wọn kọ́ sára ògiri kan náà: ọ̀kan á ṣá, ìkejì á wà bó ṣe wà. Ohun tó jọ ọ́ ni ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí wọ́n ti lẹ bébà onírúurú irun mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Orí gbogbo ọkùnrin inú bébà náà ti di búlúù. Íńkì ìyeyè àti magenta ló ti lọ, ó wá ku cyan àti dúdú. (Àwọn fọ́tò aláwọ̀ kan láti àwọn ọdún 1970 tilẹ̀ wà tí kò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù rí, síbẹ̀ tí wọ́n pọ́n, torí pé cyan inú wọn ń kú nínú òkùnkùn. Ìyẹn kọjá agbára gíláàsì èyíkéyìí.)

Kí wá ni gíláàsì lásán ń dá dúró? Oòrùn ní ìtànṣán tí ojú wa ò rí, tí wọ́n ń pè ní UV. Èyí tó ń jó awọ ara jù nínú rẹ̀, ìyẹn UVB, gíláàsì ń dá púpọ̀ rẹ̀ dúró, bóyá ibẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìkejì rẹ̀, UVA, ń kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran náà ń kọjá, nǹkan bí 90 nínú 100 rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ kọjá, àbí kí la fẹ́ fi wo àwòrán náà?

Àwọn ará wa tó wà ní ìlú òyìnbó á ní àwọn kì í ra gíláàsì lásán, pé gíláàsì UV ni tàwọn, èyí tí wọ́n kọ 99% sí. Ó dára ju lásán lọ, mi ò ní kí ẹ má rà á. Ẹ kàn ka 99% yẹn dáadáa: UV ló ń dá dúró tó 99%, kì í ṣe ṣíṣá. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí, pàápàá apá búlúù àti elésèé àlùkò rẹ̀, ń ṣá aró pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1888 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún ọ̀dà olómi, ìyẹn ọ̀dà tí ayàwòrán ń fi omi pò. Wọ́n rí i pé apá búlúù ìmọ́lẹ̀ ló burú jù, àti pé ọ̀pọ̀ àwọ̀ ni kì í ṣá níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin.

Henry Vaughan, tó ń kó àwòrán jọ ní London, kò gbára lé gíláàsì ní tirẹ̀. Nígbà tí ogún rẹ̀ di ti mùsíọ́mù ní 1900, Edinburgh gba 38 nínú àwòrán ọ̀dà olómi tí Turner, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà, Dublin gba 31. Ó fi í lélẹ̀ pé oṣù January nìkan ni kí wọ́n máa gbé wọn síta fún aráyé wò, torí pé ìgbà yẹn ni oòrùn rọ jù lọ́hùn-ún. Títí di òní, January ni wọ́n ń gbé wọn jáde, àwọ̀ wọn sì mọ́ dáadáa. Ẹnìkan lè ní ìwé ìhágún ló dè wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn mùsíọ́mù tí ìwé ìhágún kankan ò dè náà kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ọ̀dà olómi, aṣọ àti fọ́tò aláwọ̀ ju nǹkan bíi 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan), wọ́n á sì gbé wọn padà sínú òkùnkùn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Owó gíláàsì UV kò wọ́n wọn.

Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣírò ara rẹ̀ jọ ni, àwòrán kì í sinmi kó tún padà mọ́. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: wákàtí kan nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú wákàtí 2,000 lábẹ́ 50 lux. Tí mùsíọ́mù bá ń tan iná wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 250 nìyẹn. Ohun tí àwòrán tiwọn fi ọjọ́ 250 jẹ, tiyín lè jẹ ẹ́ tán láàárọ̀ Sátidé kan ṣoṣo ní ọ̀kánkán fèrèsé. Gílóòbù LED kò fi bẹ́ẹ̀ ní UV, òun náà ń ṣá nǹkan, díẹ̀díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ó gbé e kọ́ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó ro gíláàsì. Ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀ sàn ju èyí tó kọjú sí fèrèsé lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé sàn ju méjèèjì. Fún fọ́tò ìdílé, ohun tí èmi gbà jù ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀dà kọ́, kí ojúlówó wà nínú àpòòwé níbi tó gbẹ, tó sì ṣókùnkùn. Ẹ̀dà náà ì báà ṣá, ẹ ó tẹ òmíràn.

Gíláàsì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń gba ìgbẹ́ ọmọnílé àti eṣinṣin, eruku ọyẹ́, èéfín ilé ìdáná àti ọwọ́ ọmọdé. Fún ẹ̀dà, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ti tó. Èyí tí wọ́n ní kì í dán lójú pín sí méjì: ọ̀kan ni wọ́n ha ojú rẹ̀ kó lè ṣú, ó sì máa ń mú kí àwòrán dà bí ohun tó wà nínú kùrukùru, ìkejì ni wọ́n fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ pa lójú, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ kì í tó 1%, nígbà tí ti gíláàsì lásán ń tó 8%. Ìkejì yìí wọ́n, ó sì rẹwà, àmọ́ àìdán lójú kò sọ pé ó ń dá UV dúró. Ẹ bèèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Perspex, ìyẹn ike tó mọ́ bíi gíláàsì, kò wúwo tó gíláàsì, ìdajì ni, kì í sì í fọ́ yángá, nítorí náà òun ló dára fún àwòrán ńlá àti èyí tó ń wọ bàálù. Ó máa ń há, ó sì máa ń fa eruku mọ́ra, ẹ má fi bo àwòrán tí wọ́n fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì yà, yóò fà á kúrò lórí bébà. Àwòrán ọ̀dà olóròóró kì í sábà nílò ìkankan nínú gbogbo wọn.

Ohun tí mo máa ń rí jù tó ń ba fọ́tò jẹ́ lọ́dọ̀ wa, yàtọ̀ sí oòrùn, ni pé wọ́n máa ń fi ojú fọ́tò kan gíláàsì gan-an. Lásìkò òjò, omi á gbá jọ sáàárín méjèèjì, fọ́tò á bu, tàbí kó lẹ̀ mọ́ gíláàsì pinpin. Ẹ ní kí onífèrémù fi páálí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ síta sáàárín wọn, páálí tí kò ní ásíìdì, kí àyè díẹ̀ wà. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Ẹ má fà á. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ẹ gbé e pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, kó yà á bó ṣe wà yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè wá máa ronú bóyá ẹ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojúlówó.